Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ béèrè iye tó yẹ kí èèyàn ní lọ́wọ́ kó tó fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rin ayé fún ọdún kan. Ẹ má tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú; físà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ti Schengen nìkan, ìyẹn físà kan tó ń gbéni wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 90 yúrò ni láti oṣù Kẹfà 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ yín, èyí tó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ tún máa ra ìnṣọ́ránsì tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán, bí àìsàn bá dé. Síbẹ̀, ọjọ́ 90 péré nínú 180 ni wọ́n ń fún èèyàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Láàárín ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a kì í gba físà bí a ò bá ní lò ju ọjọ́ 90 lọ. Kútọnu, Lomé, Abidjan, Dakar, owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná, ẹ ò ní máa pàdánù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Ẹ háyà yàrá fún oṣù kan, ẹ ra gaàrí, ata àti tòmátì lọ́jà, kí ẹ máa dáná. Ìlú-dé-ìlú lójoojúmọ́ ló ń jẹ owó jù. Kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání o, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ ní bodè.