Ooru kọ́ ló lé gúnnugún kúrò ní Rẹ́mọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ṣágámù. Wọ́n ní ká kọ́ àwọn ọmọ bí ìyípadà ojú ọjọ́ ṣe ń pa onírúurú ẹ̀dá run. Gúnnugún ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn ọmọ yìí ò rí i rí: ooru ti pọ̀ jù, ó ti lé wọn lọ. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ihò ozone, ìpele gáàsì tó bo ayé lókè, tó ń jẹ́ kí ooru wọlé?

Ìdáhùn: Kò tọ́, Tíṣà wa. Ẹ má bínú sí ohùn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni. Bí wọn ò bá bi mí nípa gúnnugún, erin Igbó Ọmọ, igbó ọba tó wà ní Ìjẹ̀bú, ni wọ́n á fi bi mí, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn sì ń fẹ́: pé kí n ní ooru ni.

Ẹyẹ ilẹ̀ ooru ni gúnnugún. Ó pọ̀ ní Gambia títí dòní, àárín ìgboro ló ń bà sí, Gambia kì í sì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Ní òkè ọya lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn ti ń mú ju ti Rẹ́mọ lọ, wọ́n ṣì ń rí i jù wá lọ. Ẹyẹ tí ooru bá lé, ṣebí ibi tó tutù ló yẹ kó forí lé?

Àwa èèyàn la pa á. Wọ́n ń fi májèlé sínú ẹran fún un, wọ́n ń dẹ pańpẹ́ dè é, orí rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ sì ń bá ìsọ̀ àwọn lékulẹ́ja lọ fún àwúre àti oògùn owó. Àwọn igi ńlá tó ń kọ́ ìtẹ́ sí, a ti gé wọn lulẹ̀. Lọ́dún 2015, àjọ IUCN tó ń ṣírò àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun káàkiri ayé gbé e sí ìpele tó kángun sí àparun nínú igbó. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. A ti pa á, a ti fi bọ orí, a wá ń kọ́ ọmọ pé oòrùn ló ṣe é!

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: bó bá jẹ́ ooru ni, kò sẹ́ni tí a máa bi. Ọmọ náà á délé, á bá orí ẹyẹ nínú àpò bàbá rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ àárọ̀ ló ń wò yẹn.

Igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn náà rèé. Ọdún 1925 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ agégi, oko kòkó àti ìbọn ló dín erin ibẹ̀ kù. Ìjọba fúnra rẹ̀ tún gé igbó àdáyébá, ó gbin igi mẹ̀línà sí i nítorí ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwòpin.

Ṣé ìyípadà ojú ọjọ́ kì í pa ẹ̀dá ni? Ó ń pa á. Eku kan wà ní erékùṣù Bramble Cay ní Ọsirélíà; òkun ń kún bo erékùṣù náà, ewéko tí eku náà ń jẹ ń tán, ìjọba ibẹ̀ sì kéde ní 2019 pé ó ti parun. Ìjàpá òkun ńkọ́? Inú yanrìn etíkun ló ń yé sí, ìgbóná yanrìn náà ló ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 29°C, abo á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju akọ. Ní apá àríwá Great Barrier Reef, àgbègbè iyùn inú òkun ní Ọsirélíà, wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé, nǹkan bí 99 ló jẹ́ abo. Ẹ kọ́ wọn nìyẹn, wọn ò ní gbàgbé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá so ó mọ́ Igbó Ọmọ: bí òjò bá yí àsìkò padà, ẹranko á fẹ́ ṣí lọ, ṣùgbọ́n oko àti títì ti yí i ká.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn: ìgbà wo lẹ rí gúnnugún kẹ́yìn, igi wo ló ń bà lé, ta ni wọ́n ń tà á fún? Ẹ má rán ọmọ kankan lọ sí ìsọ̀ lékulẹ́ja o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òkú ẹyẹ, májèlé lè wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sínú igbó, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí àti ọ̀gá iléèwé, kí òṣìṣẹ́ igbó sì ṣíwájú yín. Bí ejò bá ṣán ọmọ ọlọ́mọ, èmi kọ́ ni mo rán yín.

Ti ihò ozone, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Gáàsì inú fìríìjì àtijọ́ àti agolo ohun tí à ń fín ló fa ìyẹn, àdéhùn Montreal ti 1987 sì ti mú kó máa sàn. Epo, èédú àti gáàsì tí a ń sun ló ń mú ayé gbóná. Carbon dioxide, gáàsì tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́ bí a bá ń sun wọ́n, tó jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gbòde ti lé ní 420 báyìí. Bí àwòrán ihò náà bá wà lára ògiri kíláàsì yín, ẹ já a.