Èsì: Ṣé ká ra ẹran sísun lọ́wọ́ àwọn oníbọ́ọ̀sì fún ọjọ́ ìbí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé àwọn tó ń sun ẹran nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Ìwòròkó l'Ádó-Èkìtì ṣeé gbé iṣẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ yín fún. Mo ti jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta o. Ti àkọ́kọ́, háà, ẹran yẹn rọ̀, èéfín ti wọ̀ ọ́ dé egungun, yájì ń ta mí lẹ́nu, mo tún ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà kún un wọn ò gbowó lé e. Ìkejì, mo dúró títí ẹsẹ̀ ń ro mí, ìgbà tó máa fi kàn mí wọ́n ní ẹran ti tán, inú bí mi gan an ni.

Ìkẹta ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Sátidé ni, èrò pọ̀, wọ́n wá ń kánjú, iná èédú ń jó lala, ìta adìyẹ tí wọ́n sun fún mi ti dúdú àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Mo dá a padà, ọmọ tó ń sun ún ò sì jiyàn, ó sun òmíì fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ẹ má san gbogbo owó tán, kẹ́ ẹ tètè dé nígbà tí èédú ti funfun tí èrò ò tíì pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n la adìyẹ kan lójú yín. Ẹ gbé kúlà dání o, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń wé e.