Má dé Kigali lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀

Àbúrò wa kan láti Ọ̀fà béèrè ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fojú fò. Àwọn mọ́kànlá fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ ní Rwanda, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Congo Nile Trail, láti Rubavu lọ sí Rusizi, létí adágún Kivu. Báálù yóò já wọn sí Kigali, olú-ìlú Rwanda, lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ní aago márùn-ún ìdájí Sátidé, bọ́ọ̀sì ti gbé wọn, ó di Rubavu, kẹ̀kẹ́ yá. Ọjọ́rú ni wọ́n máa parí, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wọ báálù padà. Ó ní olórí ẹgbẹ́ àwọn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, kó fi owó ara rẹ̀ kún un. Ṣé kí òun san owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn, àbí ìná àpà ni?

San án, àbúrò. Bí owó kò bá tó, fi bàtà kẹ̀kẹ́ tuntun tí o ní o fẹ́ rà yẹn sílẹ̀ ná, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ kò tíì já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gun ọ̀nà yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é yìí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é.

Aago mẹ́ta òru ni mo kúrò ní Ìlọrin. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń gbọ́n, kí n má sùn ní Èkó, kí owó ilé ìtura kan ṣẹ́kù sápò. Ká tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà kan ti dábùú títì. Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà yẹn kò ní béèrè pé báwo ló ṣe jẹ́. Orí ìjókòó ni ilẹ̀ mọ́ bá wa, ibẹ̀ náà ni oòrùn ti bá wa. Nígbà tí mo fi máa dé Ìkẹjà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa káńtà dé. Mo já wọlé, páálí kẹ̀kẹ́ lórí, àpò lẹ́yìn, òógùn lójú. Wọ́n gba ẹrù mi ṣá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé kẹ́yìn, ẹrù rẹ̀ náà ló ń kẹ́yìn.

Ní Kigali lóru yẹn, mo dúró ti rọ́bà tó ń gbé ẹrù yí po títí ó fi ku àpò pupa kan ṣoṣo tí kò ní olúwa. Páálí mi kò bá wa wá. Wọ́n ní ó wà ní Èkó, ọ̀la ló ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló tó dé, ẹgbẹ́ sì ti lọ láti ìdájí. Mo háyà ọkọ̀ tọ̀ wọ́n lọ. Owó tí mo san fún awakọ̀ yẹn ju owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́ta lọ, mo sì tún bá a ra oúnjẹ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo tú páálí ní Rubavu, irin pẹlẹbẹ kékeré tó gbé jíà ẹ̀yìn dúró ti tẹ̀ sínú. Bí mo bá fà á sí jíà tó fúyẹ́, ṣéènì á máa ha sípóòkù. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹni tó máa tún un ṣe lóru? Jíà méjì péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ rí bí tiwa. Ìlọrin kò ga ju nǹkan bíi 300 mítà lọ. Kigali lé ní 1,500. Adágún Kivu fúnra rẹ̀, tí èèyàn ń wò nísàlẹ̀ bíi pé inú kànga ló wà, ó lé ní 1,400. Kò ga tó ibi tí òkè ti ń kó àìsàn bá èèyàn, ṣùgbọ́n ara tí o gbé ti Ọ̀fà wá máa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Kìlómítà 227 ni ọ̀nà náà, o ò sì ní rí ibi tó tẹ́jú kan kó jọ Ọ̀fà sí Ajásẹ́: o gun òkè tán, o dà gẹ̀rẹ́, òmíràn ti dúró dè ọ́. Èmi tí mo máa ń gun Ìlọrin lọ sí Èsìẹ́ kí n sì máa sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ní òkè kejì, inú etí ni mo ti ń gbọ́ ọkàn mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tíì. Bí mo ṣe tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ ti kẹ̀kẹ́ tó di odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin lé kọjá lára mi. Ó ní "Muraho", ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, kò tilẹ̀ mí. Inú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ẹgbẹ́ ni mo parí ọjọ́ yẹn sí. Owó tí mo kó jọ fún oṣù mẹ́jọ, mo fi wo òkè láti ojú fèrèsé.

Ìgbà kejì, láti Ìlọrin ni mo ti ka ìsinmi mọ́ ìrìn náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé ìsinmi àkọ́kọ́ kò sí ní Rwanda rárá, Ìkẹjà ló wà. Mo wọ Èkó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nítòsí ẹ́pọ́ọ̀tù, mo wọ báálù lọ́jọ́ kejì. Má jẹ́ kí ìbátan kankan fi ìfẹ́ gbé ọ lọ sùn ní Àjá o. Ẹni tó sùn ní Àjá tí báálù rẹ̀ jẹ́ ti àárọ̀, kò sùn. Tó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ ń lọ, má gbọ́kàn lé báálù Ìlọrin sí Èkó pé òun ló máa bá ọ pàdé ti ilẹ̀ òkèèrè lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, ó lè má gbéra lọ́jọ́ yẹn rárá.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni mo sùn ní Kigali. Jímọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán lọ sí Rubavu, mo sùn níbẹ̀. Sátidé ni mo tó gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Òru mẹ́ta nìyẹn ṣáájú, tí mo bá yọ ti Ìkẹjà. Físà kò ní dí ọ lọ́wọ́, nítorí wọ́n ń fún àwa ọmọ Áfíríkà ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́nu ibodè. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni kí o má fi falẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó ń ṣiṣẹ́, o ò sì lè bá a dúnàádúrà.

Kí ni mo ṣe ní Kigali? Ohun tó dára jù tí mo ṣe ni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Mo tú páálí, mo to kẹ̀kẹ́, mo gùn ún fún bí ogójì ìṣẹ́jú lọ́nà tó rọ̀, kí n lè gbọ́ ohun tó bá ń dún. Bíréèkì iwájú ń han, mo tún un ṣe láàárọ̀, kì í ṣe lóru. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun. Àwọn mẹ́ta nínú wa tí wọ́n dé lọ́jọ́ kan náà ní kí á lọ gbìyànjú òkè olókùúta Kimihurura, èyí tí wọ́n gùn níbi ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà máa wá sí Áfíríkà. Mo ní kí wọ́n gba fọ́tò wá fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní òkè tí mo ti bì nígbà àkọ́kọ́, mo yà wọ́n sílẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo lágbára jù wọ́n lọ.

Oúnjẹ wọn kò ní dà ọ́ láàmú. Wàrà kíkan kan wà tí wọ́n ń pè ní ikivuguto, ẹni tó bá ti mu nọ́nọ̀ ní Ìlọrin ti mọ̀ ọ́n tán. Isombe jẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún tí wọ́n sì sè. Fara balẹ̀ tọ́ ọ wò nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí inú má lọ yí padà sí ọ lórí òkè.

Má fi láílọ́ọ̀nù dì kẹ̀kẹ́ rẹ. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de àpò láílọ́ọ̀nù ní Rwanda, wọ́n sì gba gbogbo tèmi ní ẹ́pọ́ọ̀tù nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì, ògbólógbòó àǹkárá ìyàwó mi ni mo fi wé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti pẹ́dàlì. Ó dáàbò bò wọ́n ju láílọ́ọ̀nù lọ, ó sì tún di ìnura fún mi ní Rusizi.

Wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú Sátidé. Bó bá jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, Umuganda ni: láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, gbogbo ìlú ló ń ṣiṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ṣọ́ọ̀bù á tì, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹni tó bá rántí Sátidé ìmọ́tótó ayé Ìdíàgbọ́n, ọmọ Ìlọrin wa, á mọ ohun tí mò ń sọ. Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún tí olórí yín ń sọ, bó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọ̀nà ni aago mẹ́jọ máa bá yín.

Ohun kan ṣì wà tó wúwo. Gbogbo ẹni tó bá dé Kigali ló máa fẹ́ lọ sí ilé ìrántí ní Gisozi, níbi tí wọ́n sin èèyàn tó lé ní 250,000 sí lára àwọn tí wọ́n pa nínú ìpakúpa àwọn Tutsi ní 1994. Ó yẹ kí o lọ. Ṣùgbọ́n má lọ ṣáájú kẹ̀kẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ ní Ọjọ́bọ̀, yàrá kan náà la jọ sùn. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Rubavu. Èmi lọ lẹ́yìn tí a parí, nígbà tí mi ò ní ibì kankan tí mò ń sáré lọ, mo sì lè jókòó sínú ọgbà wọn bó ṣe wù mí kó pẹ́ tó.

Ìyẹn gbé mi dé ọjọ́ ẹ̀yìn ìrìn, èyí tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ. Nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì tí a parí ni mo wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Rusizi, ó gba inú igbó Nyungwe, kọ́nà lórí kọ́nà, ọ̀pọ̀ wákàtí. Láti orí bọ́ọ̀sì sí orí báálù, láti orí báálù sí orí bọ́ọ̀sì Ìlọrin. Sílípáàsì ni mo wọ̀ délé, bàtà kò gbà mí mọ́. Ìyá mi wo kókósẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ta lo ṣẹ̀?" Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò lè dìde lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ní jíjókòó gbọọrọ lẹ́yìn làálàá ló fà á, pé nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló wú, yóò lọ. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀yọ kan ló wú tó sì ń ro mí ni, kí n sáré wá, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan.

Ìgbà kejì, òru méjì ni mo sùn ní Rusizi lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ parí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fọ aṣọ, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi Kivu, mo jẹ sambaza, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dín gbẹ, mo jẹ ẹ́ títí obìnrin tó ń tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ni mo tó mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó. Bọ́ọ̀sì ojúmọmọ ni mo wọ̀ padà, mo rí ọ̀bọ létí títì ní Nyungwe, mo sì tún sùn ní Kigali kí n tó wọ báálù. Nítorí náà, àbúrò, sún báálù Ọjọ́bọ̀ yẹn sí Sọ́ńdè.

Rí i dájú pé òtẹ́ẹ̀lì kan náà lo sùn ní Kigali nígbà tí o ń lọ àti nígbà tí o ń bọ̀. Páálí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Rubavu lẹ ti bẹ̀rẹ̀, Rusizi lẹ parí sí, kò sẹ́ni tó máa gbé páálí òfìfo gun òkè. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá gbà láti bá ọ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni kí o san owó sí, kódà bí omi gbígbóná wọn kò bá gbóná.

Àwọn tó kù lè má tẹ̀ lé ọ, má bá wọn jà. Dé ṣáájú wọn, pàdé wọn ní Rubavu.

Bí o bá sì ń bọ̀ wálé, má sọ ọjọ́ tí o máa dé gan-an fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé Ọjọ́rú ni mò ń bọ̀, Àtìní ni mo wọlé. Mo ti gbogbo fèrèsé, mo pa fóònù. Páálí ló tú mi fó, mo gbàgbé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, èèyàn mẹ́fà ti jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń kí mi kú àbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé èló ni mo san fún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn.