Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbóhùn ọkọ mi láti Borno: ṣé ó ti gbàgbé wa ni?

Ìbéèrè: Ṣọ́jà ni ọkọ mi, ó ti lo oṣù mẹ́jọ ní Borno. Nígbà míì, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbóhùn rẹ̀. Bó bá sì pè, ìjà ni. Mo ní kó fi ibi tó wà hàn mí lórí WhatsApp, ó kọ̀. Ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta kì í fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ti fẹ́ ìyàwó míì lọ́hùn-ún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyàwó Ṣọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ.

Mi ò lè búra fún ọkùnrin kankan, ṣùgbọ́n àìgbóhùn ọ̀sẹ̀ méjì láti Borno kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni Boko Haram ti bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Maiduguri lè máa wo fídíò, kí ẹni tó wà ní ibùdó inú igbó máa wá ojú kan ṣoṣo tí fóònù ti lè gbé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn lè ní kí wọ́n pa fóònù.

Kí ẹ tó bínú, ẹ wo àmì tó wà lára ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò tíì dé fóònù rẹ̀. Bó bá di méjì, ó ti dé ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kà á. Bí fóònù rẹ̀ kò bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún 30 ọjọ́, WhatsApp á pa á rẹ́, kò sì ní rí i mọ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ tó bá ṣe kókó, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ṣe é. Ìyẹn máa ń wọlé níbi tí ìpè kò ti lè dúró. Ẹ má fi àmì sórí tàbí sábẹ́ lẹ́tà inú rẹ̀ o: bí lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀, lẹ́tà 70 péré ni ojú ewé kan yóò gbà dípò 160, owó á sì lé. (Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀.) Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Omo ti gbadun. Mo ti san owo ile iwe. A n reti yin." Kò bi í ní nǹkan kan, kò sì lè dá ìjà sílẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ibi tó wà, ọkọ yín ló jàre. Lọ́dún 2018, máàpù tí Strava, áàpù àwọn tó ń sáré ìdárayá, gbé jáde tú àṣírí ibùdó ọmọ ogun ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, torí ipa ẹsẹ̀ àwọn ṣọ́jà tó ń sáré yípo ibùdó hàn gedegbe lórí rẹ̀. Ẹ má bi í léèrè ibi tó wà mọ́, ẹ má sì kọ ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé sórí Facebook.

Ní ti ìjà, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí ìwé kó tó pè. Èyí tó nílò ìpinnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹjọ́ ìyá ọkọ dúró dìgbà tó bá gba páàsì wálé. Ẹ sì jọ fẹnu kò pé bí ìpè bá já, òun nìkan ni yóò tún pè. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń pe ara yín lẹ́ẹ̀kan náà, láìnì á máa dí, oníkálukú á sì rò pé èkejì ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kò kórìíra bàbá rẹ̀. Ohùn tí kò lójú ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀yin náà sì ń tì í pé "sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀". Ẹ fún un ní nǹkan kan ṣoṣo láti sọ, bíi orúkọ oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀. Kí bàbá gba àlọ́ kúkúrú sílẹ̀ nínú ohùn WhatsApp, ìṣẹ́jú méjì péré. Dátà rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpè fídíò. Ẹ máa fi í sétí ọmọ kó tó sùn. Kí ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé, kí ẹ fi báírò yí i po, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì fi rán ṣọ́jà tó ń padà láti páàsì.

Ẹ ní nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀, orúkọ bàtálíọ̀nù rẹ̀ àti fóònù ẹnì kan tó kù sí bárékè, lórí ìwé. Bẹ́nì kan bá pè pé ọkọ yín fara gbọta, tó ní kí ẹ fowó ránṣẹ́ kíá, ẹ kọ́kọ́ kà á sí gbájúẹ̀. Bárékè ni kí ẹ pè. Bí ẹ ò bá mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ béèrè Magajiya, olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Bówó oúnjẹ ṣì ń wọlé, tó sì ń béèrè ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ṣùgbọ́n bówó bá dá dúró láìsí àlàyé, tí àmì WhatsApp ń di méjì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pe ìyàwó tiwọn, ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní bárékè. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí ọmọ dání.