Pajápajá ẹsẹ̀, igun ẹnu tó ń là: ṣé àìtó fítámì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ó ti ń rẹ̀ mí ṣáá, igun ẹnu mi ń là, pajápajá sì ń mú mi lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni ọdún 58 ni mí, mo sì ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ láti ọdún mẹ́jọ. Ṣé kí n ra oògùn fítámì?

Ìdáhùn: Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀, ti ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn. Àìsùn tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ó máa rẹ ènìyàn. Igun ẹnu sì lè là nítorí àìtó fítámì B2, ṣùgbọ́n eyín àtọwọ́dá tí kò bá ẹnu mu náà lè fà á. Pajápajá tí kò lọ bọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ lè ba ìwọ̀nyí jẹ́, àìtó fítámì B12 náà sì lè bà wọ́n jẹ́, bẹ́ẹ̀ metformin tí a ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dín B12 tí ara ń rí gbà nínú oúnjẹ kù. Ojú lásán kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ̀dọ̀ máa ń fi B12 pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ìdí nìyí tí àìtó rẹ̀ fi máa ń yọ́ wọlé. Ẹ wò ó bóyá ahọ́n yín pupa tó sì ń dán, bóyá ẹ ń gbàgbé nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí bóyá ẹsẹ̀ yín kì í dúró ṣinṣin nínú òkùnkùn.

Àwọn fítámì yòókù ní àmì tiwọn: àìríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú lè jẹ́ ti A, erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ti C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín tí a kò fọ̀ dáadáa ló sábà máa ń fa ti erìgì.

Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Folic acid, irú fítámì B kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ àdàpọ̀ fítámì, lè tún àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìtó B12 fà ṣe nígbà tí iṣan ṣì ń bà jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀, B12 tí ẹ bá sì lò ṣáájú àyẹ̀wò lè mú kí èsì rẹ̀ ṣì wá lọ́nà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ iye B12 inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ má sì dá metformin dúró fúnra yín. Bó bá jẹ́ pé B12 ni kò tó, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn oníhóró yóò dá a padà, àmọ́ pajápajá náà lè gba oṣù mélòó kan kó tó lọ. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tàbí tí ẹ kò bá lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.