Ata rodo inú ilé ń gùn bí òwú, ó sì ń ṣubú: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kí ata rodo mi ti tó ṣí lọ sóko nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ni mo ṣe gbin hóró rẹ̀ sínú abọ́ ike ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ní oṣù Kejì. Ó hù dáadáa, ṣùgbọ́n ó gùn bí òwú, ìdí rẹ̀ wá ń rọ, ó ń dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé hóró tí mo rà ni kò dára?

ÌDÁHÙN: Hóró yín ti hù, ó ti ṣe tirẹ̀. Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Gígùn bí òwú yẹn, àìrí oòrùn ló fà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́lẹ̀ lójú èèyàn, òkùnkùn ni lójú ata. Ó ń na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀ ni. Ti ìdí tó ń rọ, èbu inú ilẹ̀ ni, ìyẹn ohun tíntín tó ń mú nǹkan jẹrà. Ilẹ̀ tó ń rin gbingbin níbi tí atẹ́gùn kò dé ló fẹ́ràn, ibi tí igi ata ti kan ilẹ̀ gan-an ló sì ti ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti ṣubú kò ní dìde mọ́, kò sí oògùn tó lè jí i. Ẹ kó o dànù tòun ti ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́ náà, kí ẹ sá a sóòrùn. Èyí tó ṣì dúró, ẹ gbé e síta lónìí sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì dín omi rẹ̀ kù.

Ẹ tún òmíràn gbìn, àyè ṣì wà. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó: ilẹ̀ dúdú abọ́ méjì, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá abọ́ kan, iyanrìn odò abọ́ kan. Tí ìgbẹ́ náà bá ṣì ń ta yín nímú, kò tíì jẹrà. Á jó gbòǹgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó iyanrìn etí òkun nítorí pé ó wà nítòsí. Iyọ̀ inú rẹ̀ á pa ọmọ ata. Ẹ da omi tó ń hó sórí ilẹ̀ yìí títí á fi rin dénú, kí ẹ bò ó, kó tutù di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná yẹn ló ń pa èbu.

Ẹ dá ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí abọ́. Kí hóró má wọlẹ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá fún pọ̀, èbu á ràn kíákíá. Rodo máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó hù, ẹ má tú u wò. Kó tó hù, ó lè wà nínú ilé. Lọ́jọ́ tó bá yọrí, ẹ gbé e síta.

Imọ̀ àgbọn tí ẹ tẹ́ sórí òpó kéékèèké, tí oòrùn ń yọjú láàárín rẹ̀, dára fún ibòji. Bí òjò líle bá ṣú, ẹ ta ọ̀rá funfun bò ó, nítorí ẹ̀kán òjò lè wó ọmọ ata. Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀ ná, tó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tó bá ní ewé méjì yàtọ̀ sí méjì àkọ́yọ, ẹ ṣí i sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti dá ihò sí nídìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rá kan. Ewé ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe igi rẹ̀: tí igi bá fọ́, ó parí. Tòmátò tó bá ti gùn, ẹ lè ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ta gbòǹgbò níbẹ̀. Ata kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má rì í ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ìgbà gbígbìn, rodo á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó ṣeé ṣí lọ sóko. Tòmátò kò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Èyí tí ẹ bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta á bọ́ sí òpin oṣù Kẹrin, òjò á ti máa rọ̀ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa ká ibòji kúrò díẹ̀díẹ̀, wákàtí méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, títí á fi gba oòrùn odindi ọjọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i lọ sóko, kó lè sinmi mọ́jú kí oòrùn tó kàn án.