Ìbéèrè Òǹkàwé: Mo Di Àwọn Àwòrán Mi Sínú ZIP, Wọn Kò Kéré Sí I

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán tí mo ti ń yà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti kún inú kọ̀ǹpútà mi dẹ́nu. Mo di gbogbo wọn sínú fáìlì ZIP kan, ìyẹn àpò tó ń kó fáìlì pọ̀ sójú kan tó sì ń fún wọn pọ̀, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wá ní kí n máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún wọn fi pamọ́ ní ìwọ̀n tó kéré. Ṣé kò léwu? Báwo ni mo sì ṣe lè kó àwọn ti orí fóònù mi wá síbẹ̀ láìsọ ọ̀kankan nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe àṣìṣe. JPEG, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń ṣe, ti di ohun tí a fún pọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ó dà bí aṣọ tí a ti fún gbẹ, tí omi tí yóò tún kán lára rẹ̀ kò ní ju ẹ̀kán méjì lọ. Ìlànà JPEG, tó ti wà láti 1992, máa ń pín àwòrán sí àpótí kéékèèké, píksẹ́lì (ẹyọ àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, yóò sì sọ àwọn ìyàtọ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ènìyàn kì í sábà rí nù. Èyí tó bá ti sọ nù kì í padà, nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún àwòrán kan náà fi pamọ́ ni nǹkan á tún máa dín lára rẹ̀. Ẹ fẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ibi tí irun orí ti pàdé ojú ọ̀run: ẹ ó rí àbàwọ́n bí eruku tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀dà ni kí ẹ fún pọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan àwòrán àkọ́kọ́. Kámẹ́rà tó ń ya píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 sábà máa ń ṣe àwòrán tó jẹ́ nǹkan bí 4000 ní ìbú àti 3000 ní òòró. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n kàn wò ó lójú fóònù, 1600 ní ìbú ti tó. Ti bébà yàtọ̀: fún ínǹṣì 6 sí 4, ẹ má jẹ́ kí ó kéré sí píksẹ́lì 1800 ní ìbú àti 1200 ní òòró.

Ní ti kíkó wọn wá láti orí fóònù, okùn USB ni mo fara mọ́ jù. Ẹ lo Copy, tó ń fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ má lo Cut, tó ń kó o kúrò níbẹ̀. Mo ti lo Cut rí, okùn yọ láàárín, n kò sì mọ èyí tó ti dé àti èyí tó ṣì kù mọ́. Ẹ ka iye fáìlì ní ìhà méjèèjì, ẹ ṣí díẹ̀ wò, kí ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ara yín bí àwòrán lásán, yóò fún wọn pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì.

Kọ̀ǹpútà tó kún ńkọ́? Ẹ ra háàdì dísìkì méjì, kí àwọn àwòrán àkọ́kọ́ wà lórí méjèèjì, nínú fódà tí ẹ fi ọjọ́ sọ lórúkọ báyìí: 2024-03-17, kí wọ́n lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn àwòrán mẹ́wàá tí ẹ yà lójú kan náà nítorí pé ẹnì kan ń ṣẹ́jú, kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì pa mẹ́sàn-án rẹ́.